Àpò Ìrẹsì Onórébù

"Ẹ má jẹ́ kó kọjá o! Onórébù wa ni!"

Ẹ̀ka máńgòrò ni wọ́n fi dábùú ọ̀nà ní ìlú Ara. Kì í ṣe igi ìjà, igi ìfẹ́ ni, ewé tútù ṣì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àti igi ìjà àti igi ìfẹ́, bákan náà ni wọ́n ṣe ń dá ọkọ̀ dúró. Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ọlọ́pàá tó jókòó níwájú ti di ìbọn rẹ̀ mú, Bàrákátù fọwọ́ kàn án léjìká láti ẹ̀yìn pé kó fara balẹ̀. Ó yọjú wo òkè. Oòrùn ti yẹ àtàrí. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Àbíjàn kì í dúró de ìjòyè, kì í dúró de olówó. Bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán ní Èjìgbò, ó ti gbéra nìyẹn.

"Lùkmọ́nù, sọ fún wọn pé mò ń kánjú."

"Wọn ò ní gbà, mà," ni Lùkmọ́nù, akọ̀wé rẹ̀, wí. "Wọ́n ti rí yín. Ẹ ṣáà juwọ́ sí wọn díẹ̀."

Ó juwọ́. Wọn ò gbà lóòótọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ lórí iyanrìn gbígbóná. Àwọn tó lè bí i lọ́mọ pàápàá tẹ orúnkún díẹ̀, ojú sì tì í. Bàbá Oyèníran, àgbà ìlú náà, ṣí fìlà. Nígbà ìpolongo ìbò, ọkùnrin yìí kan náà ló wò ó láti òkè délẹ̀ tó ní, "Ìwọ Bàrákátù, ta ni yóò máa sebẹ̀ nílé bí o bá lọ ṣòfin?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín nígbà náà, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà, ó jókòó ti àwọn ìyàwó ilé, ó sì bá wọn bẹ ẹ̀gẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi funfun. Lónìí, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Onórébù" ni bàbá ń wí. Ó ṣàdúrà. Àdúrà náà gùn, ó gba ọ̀dọ̀ ọmọ kọjá, ó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀mí gígùn kọjá, kó tó wá balẹ̀ sórí tiransifọ́mà ìlú tó ti jó láti ọjọ́ pípẹ́. Bàrákátù ṣe àmín. Ó ṣèlérí pé tiransifọ́mà á dé. Ìlérí ò ṣòro fún ẹnu rẹ̀ mọ́, kì í tilẹ̀ rò ó kó tó sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ẹ̀ka náà kúrò tí ọkọ̀ tún ń lọ, Lùkmọ́nù wo fóònù rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Wọ́n ti fò wá, mà. Wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó di ìgbà mìíràn kí ọ̀nà Ola tó tún kàn."

Bàrákátù ló yẹ kó sọ̀rọ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Òṣogbo lónìí, lórí ọ̀nà Ola tó ti di kòtò. Aṣọ tó wọ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ló ṣe rán an. Àmọ́ kí Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ tó wọlé ni àbúrò rẹ̀, Jàmílàt, pè é láti Èjìgbò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gbọ́? Ọ̀rẹ́ yín ń lọ lónìí. Àbíjàn. Ó ní òun ò padà wá mọ́." Bàrákátù dìde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lọ, ọ̀kan tilẹ̀ bá a mú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́.

Kàdíjà ni ọ̀rẹ́ náà.

Bí ènìyàn ò bá mọ Kàdíjà, kò lè mọ bí Bàrákátù ṣe di Onórébù. Ìsọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ta aṣọ ní Àbíjàn, Bàrákátù á máa ná an, Kàdíjà á máa dì í. Nígbà tí ọkọ Bàrákátù kú tí òun sì gbé tàkàbà, ọ̀fọ̀ opó, wálé, Kàdíjà ti ìsọ̀ pa, ó tẹ̀ lé e wá sí Èjìgbò. Orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn títí opó fi bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ìyá Kàdíjà, Ìyá Elépo tí gbogbo àdúgbò mọ̀, ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Ìyá náà ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́, níbi tó ti ń fa epo sínú kẹ́ẹ̀gì, pé, "Bàráká, ẹnu tó o fi ń ná aṣọ yìí, bí o bá fi bá ìjọba ná nǹkan fún wa ńkọ́?"

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Ẹ̀yìn náà ni kò jẹ́ ẹ̀rín mọ́.

Àwọn tó bá a du ipò náà ní ọkọ̀ ńlá tí orin ń dún lórí rẹ̀. Òun àti Kàdíjà ní ọ̀kadà kan. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé, nítorí Kàdíjà ní iwájú ilé ni wọ́n ti ń kí àlejò, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kiri: "Wo bó o ṣe ń juwọ́! Bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ọwọ́ kan ni kó o nà sókè, kó o sì jẹ́ kó dúró níbẹ̀." Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó gbé ìbò náà wọlé, ọgbọ́n tí ará Èjìgbò nìkan lè mọ̀ ni. Ọmọ tó wà ní Àbíjàn tó ń bọ́ ilé, bó bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ilé á gbọ́. Kàdíjà gbé fóònù síwájú ìyá rẹ̀, ó ní kó sọ̀rọ̀. Ìyá Elépo tún gèlè ṣe bí ẹni pé fóònù ń wò ó. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi ní Àbíjàn, Bàrákátù yìí ò mu ọmú mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ti jẹun. Ẹ pe àwọn ìyá yín." Ohùn náà kọjá Kùtọnu, ó kọjá Lomé, ó dé gbogbo ìsọ̀ tí ọmọ Èjìgbò wà, àwọn ọmọ sì pe ìyá wọn lóòótọ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Kàdíjà ló pè nírọ̀lẹ́. "Kàdí, àga náà rọ̀ débi pé ó fẹ́ gbé mi mì." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí káàdì fi tán. Lẹ́yìn náà ni ìpàdé dé, ìgbìmọ̀ kékeré dé, ìrìn Àbújá dé, Lùkmọ́nù sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè ráyè sinmi. "Onórébù wà ní ìpàdé," ni Kàdíjà ń gbọ́ nígbàkigbà tó bá pè. Ó gbọ́ ọ títí, ó ṣíwọ́ pípè.

Ìyá Elépo wá kú. Àárọ̀ ló kú, òkú Mùsùlùmí kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń jíròrò lórí ìṣúná, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí àga tó ṣófo. Bàrákátù ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sunkún, ó bomi bọ́jú, ó sì jáde wá bá Lùkmọ́nù. "Ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Má jẹ́ kí ohunkóhun wọ́n wọn." Lùkmọ́nù ní òun ti kó ìrẹsì ránṣẹ́, àpò tó pọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ fídáù, ó wà ní Àbújá. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á lọ, òun á lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, òun náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ojú náà ń wúwo sí i láti gbé lọ.

Nígbà tí wọ́n dé Èjìgbò, ó ní kí awakọ̀ dúró ní oríta, kí ọlọ́pàá àti Lùkmọ́nù má tẹ̀ lé òun.

"Mà, ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan."

Ó gba ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀nà náà ṣì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, láàrin ògiri amọ̀ àti igi ọsàn, títí kan ibi tí omi máa ń dúró sí. Kẹ́ẹ̀gì epo Ìyá wà níbẹ̀ lórí ara wọn, wọ́n ti fọ̀ wọ́n mọ́, wọ́n sì dojú wọn délẹ̀. Kàdíjà jókòó láàrin àgbàlá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ńlá lọ́wọ́, ó ń rán ẹnu àpò. Àwọn àpò mìíràn tó ti rán pa wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, funfun báláú, inú wọn kún fún gàrí àti èlùbọ́ tí ọmọ Èjìgbò kì í gbàgbé bó bá ń lọ sí Àbíjàn.

Ó gbójú sókè. Fún ìṣẹ́jú kan ojú rẹ̀ fẹ́ là. Ó wá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó sì tẹ orúnkún.

"Ẹ káàbọ̀, Onórébù. Ẹ ò jẹ́ kí a gbọ́ pé ẹ ń bọ̀." Ó sáré wọlé, ó gbé àga jáde, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. "Ẹ jókòó, mà."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láyé wọn tí Kàdíjà máa gbé àga fún un nínú àgbàlá yìí. Bàrákátù wo àga náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú léèsì olówó ńlá rẹ̀.

"Kàdí, èmi ni."

"Mo mọ̀ yín, mà."

"Mo gbọ́ pé ò ń lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ tó wà lọ́hùn-ún ní kí n máa bọ̀."

"Ọ̀rọ̀ Ìyá... Ó yẹ kí n ti wá."

"A rí iṣẹ́ tí ẹ rán. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Kàdíjà mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bó ṣe máa ń kí àwọn tó wá ra epo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, kò le, kò sì rọ̀.

Àpò tó kẹ́yìn ti kún ju bó ti yẹ lọ. Ó ń fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó ń gbìyànjú láti kó ẹnu rẹ̀ jọ, ẹnu náà ń já mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ní Àbíjàn, bí wọ́n bá ń di aṣọ, ẹnì kan á tẹ̀, ẹnì kan á rán, Bàrákátù ló sì máa ń tẹ̀. Kò béèrè. Ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpò, ó ń ti láílọ́ọ̀nù gàrí wọlé.

Ìgbà náà ló rí ojú kan.

Inú àpò náà ni ojú náà wà, lára ògiri rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ó fa ẹnu àpò náà jáde díẹ̀. Gèlè aláwọ̀ ewé. Eyín funfun. Òun fúnra rẹ̀ ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tún fà á, ó rí lẹ́tà gàdàgbà lábẹ́ ẹ̀rín náà: Ẹ KÚ ỌDÚN ILÉYÁ. Ẹ JẸ Ẹ́ PẸ̀LÚ AYỌ̀. LÁTI ỌWỌ́ ONÓRÉBÙ BÀRÁKÁTÙ.

Ó mọ àpò náà. Àwọn tí wọ́n pín nígbà Iléyá ni, ó kù díẹ̀ nínú yàrá ẹrù ní ọ́fíìsì. A rán Lùkmọ́nù níṣẹ́ ọmọ, ó fi tẹrú jẹ́ ẹ. Bàrákátù wo àwọn àpò yòókù, àwọn funfun tó ti rán pa. Bí ó ti wá mọ ohun tó ń wá, ó rí i lára gbogbo wọn, òjìji ojú kan tó hàn díẹ̀díẹ̀ láti inú, tí lẹ́tà rẹ̀ kọjú sódì.

"Èyí ni wọ́n gbé wá," ó wí. "Lọ́jọ́ tí Ìyá kú."

Kàdíjà ń wá òwú.

"Kàdí."

"Ìyá ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ yín dé," ni Kàdíjà wí. "Wọ́n to àpò ìrẹsì síwájú ilé, ó lọ rẹrẹ. Mo jáde, mo ka ohun tó wà lára rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tètè kó o gba ẹ̀yìn ibí wá. Àwọn àna wa láti Ola ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, àwọn àlùfáà ń bọ̀. Mo da ìrẹsì sínú ọpọ́n epo Ìyá, mo yí inú àpò síta, mo tún dà á padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbogbo rẹ̀."

"Ìwọ nìkan?"

"Ta ni ǹ bá rán? Ẹni tí mo bá rán á kà á." Ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó tàsé, ó tún kì í. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n bú ọ. Lójú òkú ìyá mi, kí wọ́n máa bú ọ."

Ewúrẹ́ kan wá fi imú kan àpò, Kàdíjà lé e.

"Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, wọ́n ti wẹ Ìyá. Wọ́n wá mi, wọn ò rí mi. Ó ti wà nínú aṣọ funfun. Èmi ló yẹ kí n wẹ̀ ẹ́, Bàráká. Èmi ni obìnrin tó bí."

Ẹkún tí Bàrákátù rò pé òun ti sun tán nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́jọ́sí tún wá. Ó fẹ́ sọ pé Lùkmọ́nù ni. Ó fẹ́ sọ pé òun ò mọ̀. Òótọ́ ni pé òun ò mọ̀, ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹni tó wá fúnra rẹ̀ á mọ irú àpò tí òun gbé dání.

"Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ìyẹn kọ́ ló ń lé mi lọ."

"Kí ló wá ń lé ọ?"

"Kò sí ohun tó ń lé mi. Kò sí ohun tó dá mi dúró ni. Nítorí Ìyá ni mo ṣe wà nílé. Nítorí tìẹ náà."

"Má lọ. Mo bẹ̀ ọ́."

Kàdíjà wò ó, kò bínú. "Bí n ò bá lọ, ṣé wàá wà nílé lọ́la?"

Bàrákátù la ẹnu. Lọ́la, ilé ìgbìmọ̀ tún ń jókòó, ó sì ní láti lọ bẹ̀bẹ̀ nítorí ọ̀nà Ola. Lọ́túnla, Àbújá. Ẹnu tó fún Ara ní tiransifọ́mà lọ́sàn-án yìí, tí kò tilẹ̀ mọ ibi tí tiransifọ́mà náà yóò ti wá, ẹnu náà ló là sílẹ̀ báyìí tí kò rí ìlérí kan ṣoṣo fi síta. Kò fẹ́ purọ́ fún Kàdíjà. Inú rẹ̀ bàjẹ́, síbẹ̀ ó mọ̀ pé èyí ni ohun tó mọ́ jù tí òun ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́.

Kàdíjà mi orí.

"Tẹ àpò náà dáadáa, Bàráká. Ilẹ̀ ń lọ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kó ẹnu àpò jọ, ojú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín ká kò, ó wọlé, Kàdíjà sì rán an pa.

Wọ́n jọ gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ọlọ́mọlanke sì kó ẹrù náà lọ sí gáréèjì. Bàrákátù ní kí wọ́n kó o sínú jíìpù òun, Kàdíjà ní rárá, òun ti sanwó ọlọ́mọlanke. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún Kàdíjà tó ń dùn ún nígbà òjò. Ní oríta ni àwọn ènìyàn ti rí Onórébù tó ń fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n sì tó dé gáréèjì, èrò ti ń tẹ̀ lé wọn. Lùkmọ́nù àti ọlọ́pàá sáré wá, wọ́n ń la ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà ni wọ́n ya àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà, Kàdíjà bọ́ sí apá ọ̀hún pẹ̀lú àwọn èrò ọkọ̀, Bàrákátù ṣẹ́ kù sí apá ìhín pẹ̀lú ọlọ́pàá.

Wọ́n gbé àpò sórí ọkọ̀, wọ́n fi okùn dì í. Ó funfun, kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kà.

Kàdíjà yọjú lójú fèrèsé. Bàrákátù já gba ẹ̀gbẹ́ ọlọ́pàá lọ bá a, ó di irin fèrèsé náà mú. Èrò ti yí wọn ká, gbogbo etí ló là sílẹ̀. Kàdíjà wo èrò náà, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Ẹ ṣeun, Onórébù wa. Ẹ ṣeun tí ẹ wá sìn mí. Ẹ padà sínú ọkọ̀ yín, oòrùn yìí mú."

Inú èrò dùn. "Onórébù tó mọ mẹ̀kúnnù!" ni ẹnì kan ké. Bàrákátù wo ojú Kàdíjà, ó rí i pé ó tún ti ṣe é, ó tún ti bo òun láṣìírí.

Ọkọ̀ gbéra. Bàrákátù na ọwọ́ kan sókè, ó sì jẹ́ kó dúró níbẹ̀ bí Kàdíjà ṣe kọ́ ọ. Àwọn èrò gáréèjì rò pé àwọn ló ń kí. Wọ́n hó yèè, wọ́n ń juwọ́ padà sí i, ọ̀tún àti òsì, "Onórébù! Onórébù!", débi pé nígbà tí ọkọ̀ náà yí gba ìgun, kò lè mọ̀ nínú gbogbo ọwọ́ tó wà lókè bóyá ọwọ́ kan jáde láti ojú fèrèsé.

Àpò funfun náà ló rí kẹ́yìn, lókè ọkọ̀, kó tó wọ inú eruku. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Lùkmọ́nù dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rọra sọ fún un pé àwọn ará Ola ti ń dúró dè é nílé nítorí ọ̀nà wọn, ó ní ó tó kí wọ́n máa lọ.